Ta Ni Yóò Gbé Igbá fún Akọni?

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù keje ọdún 2022, nígbà tí ìtẹ́ Ọ̀yọ́ ṣófo, nítorí pé Ikú Bàbá Yèyé, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, ti wàjà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún náà lẹ́yìn tí wọ́n ti lo ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún lórí oyè àwọn baba wọn, mo kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta sínú ọkọ̀ ní Ọ̀yọ́, a sì gba ọ̀nà Ìbàdàn láti lọ wo sinimá. Ẹ̀bẹ̀ àwọn ọmọ náà ni ó pọ̀ lápọ̀jù. Wọ́n ti ń ka ọjọ́ de fíìmù náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, èmi náà sì ti ṣèlérí ní ọjọ́ tí mo rò pé wọn yóò gbàgbé; ṣùgbọ́n ọmọdé kì í gbàgbé ìlérí ohun tí ó bá dùn mọ́ ọn.

Thor ni fíìmù náà dá lé lórí, Thor tí í ṣe òrìṣà àrá láàrin àwọn ará ìhà àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ di akọni inú ìwé àwòrán ní ọdún 1962, nígbà tí Stan Lee àti àbúrò rẹ̀ Larry Lieber pẹ̀lú Jack Kirby, ayàwòrán, gbé e jáde fún ilé-iṣẹ́ Marvel. Òòlù ni ohun ìjà rẹ̀. Ó ń fò lójú sánmà, mànàmáná sì ń kọ yẹ̀rì lára rẹ̀ bí ẹni pé inú iṣan rẹ̀ ni ó ti ń sun jáde. Àgbà nínú àwọn ọmọ náà, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, mọ ìran Thor ju bí ó ti mọ oríkì ilé tiwọn lọ, òun ni ó sì kọ́kọ́ ju ìbéèrè lù mí bí a ti ń jáde: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, bí Thor àti Ṣàngó bá jà, ta ni yóò borí?"

Kí n tó ya ẹnu, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti gbà á sọ pé Ṣàngó ni, nítorí iná ni í yọ lẹ́nu Ṣàngó, òòlù lásán ni Thor sì gbójú lé. Ẹ̀gbọ́n ní rárá, pé òòlù náà fọ́ ó sì tún padà tò, pé ẹni tí ó bá lè fò kò ní ohun tí í bá ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn fà. Wọ́n bá àríyànjiyàn yìí wọ ọkọ̀, wọ́n bá a kọjá Mọ́níyà, wọ́n sì gbé e dé Fìdítì, níbi tí òjò ti ká wa mọ́, tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, tí mànàmáná sì fi gbogbo igi ọsàn tí ó wà létí ọ̀nà hàn wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó tó tún bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan wà lórí ìjókòó iwájú wa, tí ó gbé ẹrù rẹ̀ lé itan. Kò pariwo, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó kàn tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Káwòó, Kábíyèsí o," gẹ́gẹ́ bí a ti í kí àgbà tí ó bá ń kọjá lójúde ẹni. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì dákẹ́.

Inú ìdákẹ́ náà ni àbíkẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti fà mí láṣọ. Ó ní, "Bọ̀dá, bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú sínú aṣálẹ̀ yẹn, ta ló lọ bẹ̀ ẹ́?"

Kí ẹni tí kò wo fíìmù náà lè bá wa lọ: ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gorr ni a kọ́kọ́ rí, tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú iyanrìn gbígbóná pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ń ké pe òrìṣà rẹ̀ fún omi, omi kò wá. Ọmọ náà sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó rìn dé ibi kan tí ewéko ti tutù yọ̀yọ̀, tí ó sì bá òrìṣà tí ó ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ yìí níbẹ̀, tí ó jókòó ti oúnjẹ. Nígbà tí ó sì ka ìyà rẹ̀ sílẹ̀, òrìṣà náà fi í rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí èrè kan tí ó ń dúró dè é níbì kankan. Gorr gbé idà tí ó bá nílẹ̀, ó pa á, ó sì búra pé gbogbo òrìṣà ni òun yóò pa tán. Láti ibẹ̀ lọ, òun ni ọ̀tá, Thor ni akọni, àwa tí a sanwó wọlé sì ń pàtẹ́wọ́ fún òòlù. Lóòótọ́, ní ìgbẹ̀yìn, Thor bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ náà sì jí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn òrìṣà tí fíìmù náà kó jọ sínú ìlú wíwúrà wọn, tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu, kò sí ọ̀kan tí ó dìde láti sọ pé ọ̀kan nínú wa ti ṣẹ̀ ọkùnrin yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó rí i pé ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá.

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni gbogbo ayé ń bi ara wọn nídìí ìwé àwòrán àti lẹ́nu ọ̀nà sinimá: agbára ta ni ó ju ti ta lọ? Ó dùn-ún jiyàn lé lórí, n kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti ọmọbìnrin náà ni ó kan ẹ̀sìn gan-an, nítorí ohun tí ó ń bèèrè ni pé, agbára tí ó bá ṣẹ̀, ta ni yóò pè é lẹ́jọ́, báwo ni a sì ṣe lè forí balẹ̀ fún agbára tí kò sí ẹni tí ó lè pè é lẹ́jọ́? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, ibi tí mo sì rò ó dé ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ kí ó dí wa lọ́nà. Àwọn kan wà ní Ọ̀yọ́, àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti ní ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn láti ọdún 1898, tí wọ́n gbà pé bí Kristẹni tàbí Mùsùlùmí bá jókòó wo òrìṣà nínú sinimá, ó ti bọ̀rìṣà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ, n kò sì tíì kúrò níbẹ̀; ṣùgbọ́n adóṣù Ṣàngó ni ìyá bàbá mi títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè, ẹni tí ó bá sì ti rí ìbọ rí kò ní í ṣì í mú fún ìwòran. Ìwòran kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa ju owó ìwọlé lọ. Ìyá àgbà wa yìí kò jẹ ẹ̀wà sèsé, tí í ṣe èèwọ̀ Ṣàngó, títí wọ́n fi kú, kì í sì í ṣe pé kò wù wọ́n jẹ.

Mo rántí òwúrọ̀ Ọjọ́ Jàkúta kan, n kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà náà. Òjò ọjọ́ mẹ́ta léraléra ti ba èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta jẹ́, ó ti bu, ó ti dúdú, ó sì ń rùn. Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní níwájú odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí ọpọ́n ẹdùn àrá wà lórí rẹ̀. Wọ́n mi ṣẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ṣàngó wí. Wọn kò ké, wọn kò kọrin. Ohùn tí wọ́n fi ń bá bàbá mi wí nígbà tí ó bá ṣe ohun tí kò dára náà ni. "Olúkòso, o mọ̀ pé n kò ní ẹlòmíràn. Èlùbọ́ tí mo fẹ́ fi san gbèsè lo bà jẹ́ yìí. Ṣé bó o ṣe fẹ́ máa ṣe mí nìyí?" Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo ẹdùn àrá náà, bí ẹni tí ń retí kí ẹlòmíràn wá ẹnu sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó na ọwọ́ sí orógbó. Mo wo ojú wọn nígbà tí wọ́n ń pa á, ìbínú ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ náà ti wà nínú òwe kí a tó bí ẹni tí ó bí ìyá àgbà. Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, fi mí sílẹ̀ bí o ti ṣe bá mi. Yorùbá tí ó pa òwe yìí kò kọ òrìṣà sílẹ̀, kò sì gbé idà bíi ti Gorr. Ó ń rán òrìṣà létí pé àdéhùn wà láàrin wọn ni. Wọ́n tún ní bí kò bá sí ènìyàn, imalẹ̀ kò sí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lójú lásán lè rò pé àfojúdi ni, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn àwọn baba wa ni, pé ọlá òrìṣà ń bẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń jí lówùúrọ̀ láti da omi tútù sílẹ̀ fún un, nítorí náà òrìṣà tí ó bá fi ọ̀fọ̀ ẹni rẹ́rìn-ín ti gé ẹ̀ka tí òun fúnra rẹ̀ gùn. Gorr kì bá ti nílò idà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìbá kàn ṣíwọ́ bíbọ ni, koríko ìbá sì hù lójúbọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni ó wá mú kí àwọn ènìyàn máa bọ Ṣàngó títí di òní, tí wọ́n fi ń wá láti Bràsíl àti Kúbà sí ọdún rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹjọ, tí UNESCO pàápàá fi kọ ọdún náà sínú àkọsílẹ̀ ogún aráyé ní oṣù kejìlá ọdún 2023? Ẹni tí ó bá dáhùn pé nítorí agbára rẹ̀ ni, ó ti bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ìjókòó kan náà. Ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́ àgùntàn ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín, kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi ohun mìíràn hàn wá. Ó ní Ṣàngó, ọmọ Ọ̀rànmíyàn, ọba tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ní oògùn kan tí ó lè fa mànàmáná sọ̀kalẹ̀. Ó gun orí òkè lọ láti dán an wò. Àrá sán, ààfin tirẹ̀ gan-an ni ó sì bọ́ lé, iná sì pa àwọn ayaba àti àwọn ọmọ rẹ̀. A máa ń pa á lówe pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òwe náà kò ràn án lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ẹni tí ó dá agbára sílẹ̀ ní orí òkè láìmọ ibi tí yóò bọ́ sí, ilé ara rẹ̀ ni ó dáná sun.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó ya Ṣàngó sọ́tọ̀ nínú gbogbo àwọn alágbára tí mo mọ̀, ti inú ìtàn àti ti inú sinimá. Kò sọ pé ọ̀tá ni ó ṣe é. Kò wá ẹni tí yóò bá jà kí ariwo ìjà lè bo ariwo ẹkún mọ́lẹ̀. Ó kúrò lórí ìtẹ́, ó kọjú sí ọ̀nà ilẹ̀ Tápà tí í ṣe ilẹ̀ ìyá rẹ̀, àwọn tí wọ́n bá a jáde ń fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun nìkan, ó sì kú sórí igi àyàn ní Kòso. N kò yin ikú tí ó kú. Bí mo bá wà lọ́nà náà, ǹ bá dì í mú. Ohun tí ó sì dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé kò ku ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó lè dì í mú. Ohun tí mo ń wí ni pé ó gbà pé òun jẹ̀bi, àwọn ènìyàn sì mọ̀ pé ó gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ ti mọ ohun tí agbára tí kò ní alábẹ̀wò lè dà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá àṣà igbá sílẹ̀. Aláṣẹ Èkejì Òrìṣà ni Aláàfin. Láyé àtijọ́, ó lè pa, ó lè là. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ìlú sínú ìnira tí ọ̀rọ̀ kò sì wọ̀ ọ́ létí mọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí fún, yóò gbé igbá òfìfo tí a dé, tàbí ẹyin odídẹrẹ́, kalẹ̀ níwájú rẹ̀, wọn yóò sì wí fún un pé òrìṣà kọ̀ ọ́, ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọba tí ó bá ṣígbá wò kò tún rí òòrùn ọjọ́ kejì. Ó le, n kò sì sọ pé kí a dá a padà. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé igbá náà bàjẹ́ lọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà, tí ó fi í pa ọba kan tẹ̀lé òmíràn títí Aláàfin Abíọ́dún fi pa á ní ọdún 1774, tí ó fi hàn wá pé ẹni tí ń gbé igbá fún ọba, òun náà yẹ kí ó ní ẹni tí yóò gbé e fún òun. Síbẹ̀, ìlú tí ó lè pe ọba ní èkejì òrìṣà, tí ó sì tún lè gbé igbá fún un, ti ro ọ̀rọ̀ agbára jinlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbé igbá fún Ṣàngó. Òun ni ó gbé e fún ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn akọni tí àwọn ọmọ wa ń so aṣọ ìnura mọ́ ọrùn nítorí wọn, tí wọ́n sì ń bẹ́ sílẹ̀ láti orí ògiri. Superman jáde ní ọdún 1938 láti ọwọ́ Jerry Siegel àti Joe Shuster, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní ìlú Cleveland. Ta ni ó fi jẹ? Ta ni ó rán an níṣẹ́? Àánú ń bẹ nínú rẹ̀, mo gbà, ọmọlúwàbí sì ni. Ṣùgbọ́n inú rere rẹ̀ nìkan ni ó wà láàrin ìlú àti ìparun, ọjọ́ tí inú náà bá yí padà, kò sí Ọ̀yọ́ Mèsì kan lábẹ́ ọ̀run tí apá rẹ̀ yóò ká a. Ní ọdún 1938 yìí kan náà ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ọdún kan ṣe bí àwọn méjèèjì. Àwọn akọni Fágúnwà náà ju ènìyàn lásán lọ, Kàkò pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Ọlọ́hùn-iyọ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba ni ó rán wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó, ọ̀dọ̀ ọba ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà sí láti jíṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti bá iwin jà tí wọ́n ti bá ẹbọra wọ̀yá ìjà, wọ́n tún jókòó fún ọjọ́ méje gbáko lẹ́sẹ̀ Ìrágbèje láti gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọmọ títọ́ àti ìwà híhù. Èmi kò tíì rí akọni Amẹ́ríkà tí ó fi ọjọ́ méje jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà.

Àmọ́ àìṣòótọ́ ni yóò jẹ́ bí mo bá sọ pé àwọn òyìnbó kò ro ọ̀rọ̀ náà. Nínú fíìmù Thor àkọ́kọ́, ti ọdún 2011, baba rẹ̀ gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìgbéraga, ó sì lé e jáde nílé títí yóò fi kọ́gbọ́n. Ohun mìíràn tún wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní nǹkan bí ọdún 1975, wọ́n ṣe ìwé àwòrán kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títà ní Nàìjíríà, Powerman ni orúkọ rẹ̀, akọni aláwọ̀ dúdú tí àwọn ọmọ wa ń rà tí wọ́n sì ń yá ara wọn kà títí ẹ̀yìn ìwé yóò fi ya. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó méjì tí ń ya àwòrán rẹ̀ ni Dave Gibbons. Nígbà tí ó di ọdún 1986, Gibbons yìí kan náà ni ó ya Watchmen tí Alan Moore kọ, ìwé tí gbogbo wàhálà inú rẹ̀ jẹ́ pé, àwọn tí ó ní àwọn ń ṣọ́ wa, ta ni ń ṣọ́ wọn? Ọwọ́ tí ó ya alágbára tí kò ní ẹjọ́ jẹ́ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, ọwọ́ náà ni ó padà wá bèèrè igbá. Mo ka èyí sí ọ̀wọ̀, kì í ṣe ìtìjú.

Bí mo bá sì ní kí n mú akọni kan fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti inú ilẹ̀ tiwa, n kò ní í lọ jìnnà ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ọdẹ ni Ògúnlọlá tí ó tẹ ìlú náà dó. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, ìjà ni ó jà tí ó fi pa ènìyàn, wọ́n sì mú un lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n fi sí àhámọ́. Inú àhámọ́ ni ó ti gbọ́ nípa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ó ń pa àwọn ọmọ ogun Aláàfin nípakúpa. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ dán an wò. Wọ́n gbà fún un. Ó fi ọfà pa á, ó sì gbé orí rẹ̀ wá fún ọba, ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé orúkọ ìlú náà ti wá. Ẹ wo irú akọni tí èyí jẹ́. Ọ̀daràn ni, ó wà lábẹ́ ìdájọ́, ó tọrọ àyè kí ó tó gbé ọfà, orí ọ̀tá tí ó gbé dé sì jẹ́ ẹ̀rí tí ó mú wá síwájú ilé ẹjọ́. Nígbà tí Aláàfin wá ní kí ó máa bá òun gbé ní Ọ̀yọ́, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ṣe ọ̀hún, nídìí igi tí òun ti kúrò, wọ́n sì ní láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti rí oyè Ṣọ̀ún. Kò gba ìlú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ilé ni ó padà lọ.

Mo mọ ohun tí ẹni tí ó bá jìnnà nínú ọ̀rọ̀ yóò fi dá mi lóhùn. Ní gbogbo ilé tí a ti ń wo fíìmù ní ilẹ̀ yìí, gbólóhùn kan ń bẹ lẹ́nu tọmọdé tàgbà: áktọ̀ kì í kú. Bí wọ́n yìnbọn fún un títí, bí wọ́n tì í lulẹ̀ láti orí òkè, áktọ̀ yóò dìde. Ẹni náà yóò ní, ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn olùfẹ́ Ṣàngó wí nìyẹn, nígbà tí wọ́n dé Kòso tí wọ́n pariwo pé ọba kò so? Ṣé kì í ṣe àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé áktọ̀ kì í kú? Mo ti ro èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Johnson pàápàá kọ ọ́ pé wọ́n wá oògùn àrá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, wọ́n sì fi iná bẹ̀rẹ̀ sí orí òrùlé àwọn tí ń fi ọba wọn ṣẹ̀sín títí gbogbo ẹnu fi pa mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ni ó kọ́kọ́ bí ìbọ náà, n kò sì lè fi ọwọ́ bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn ìyá bàbá mi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí orúkọ náà ti ń dún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gbàgbé pé ọba so, ṣé yóò sọ ilẹ̀ náà ní Kòso? Yóò ha sọ ọba náà ní Olúkòso, tí ó fi jẹ́ pé ìgbàkígbà tí a bá kí i, okùn náà ń fì lókè orí wa? Orúkọ náà ń sẹ́ ikú, ó sì ń jẹ́wọ́ rẹ̀ ní èémí kan náà. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So sórí ìtàgé ní Òṣogbo ní ọdún 1963, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣe Ṣàngó, kò fo ibi ìtìjú náà. Bẹ́ẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Láṣọdé náà ṣe Ṣàngó sí fíìmù ní ọdún 1997, a sì rí ọba tí apá rẹ̀ kò ká agbára ara rẹ̀. Áktọ̀ kì í kú ń pa ẹ̀bi mọ́ pẹ̀lú ikú. Ọba kò so kò lè pa á mọ́. Nínú àyè tóóró tí ó wà láàrin gbólóhùn méjèèjì ni ìyá àgbà jókòó sí ní òwúrọ̀ Jàkúta, tí wọ́n ń bá òrìṣà wí: ẹni tí ó ti jẹ̀bi rí ni ènìyàn lè bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Inú mi dùn pé àwọn aláwòrán tiwa ń rántí èyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 yìí kan náà ni Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde, ìtàn Ṣàró ahunṣọ tí ó wá sí Ọ̀yọ́, tí àdó ẹyẹ àkàlà bọ́ sí lọ́wọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí òkú. Ẹni tí ó bá ń jí òkú, agbára kí ni ó tún kù? Ṣùgbọ́n agbára wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ó ń béèrè ju ẹ̀tọ́ lọ, ó béèrè ọmọ ọba fún owó iṣẹ́. Àrólákẹ́ aya rẹ̀, ẹni tí ó bá a jìyà tí Ṣàró sì fẹ́ gbàgbé, ni ó rí sí i pé àdó náà kò jẹ́ mọ́. Nínú ilé tirẹ̀ ni igbá ti wá. Bákan náà ni mo fi ojú sí Ìyanu, ọmọdébìnrin òrukàn tí Roye Okupe kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé àwòrán ní ọdún 2021, tí ó sì di àwòrán tí ń rìn lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, oṣù kan náà tí wọ́n gbé adé lé Aláàfin tuntun, Ọba Akeem Abímbọ́lá Ọ̀wọ́adé, lórí ní Ọ̀yọ́. Ọmọ tí agbára ńlá wà lára rẹ̀, tí ó sì ní àgbà tí ń kọ́ ọ. Inú ọmọbìnrin tí ó fà mí láṣọ lọ́jọ́sí dùn sí i jọjọ, ó sì ti ní ìwé náà.

N kò dá a lóhùn kíákíá ní Fìdítì ní ọjọ́ náà. Òjò ń lu òrùlé ọkọ̀ gan-an. Nígbà tí a kọjá Ìlọràá tí ó ti dá, mo sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò bẹ bàbá náà, àti pé ohun tí ó rí yẹn, òótọ́ ni. Mo sì sọ ìtàn igbá fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Ọ̀yọ́ Mèsì àti ẹyin odídẹrẹ́, bí bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá Thor ìbá ṣí igbá náà. Mo ní n kò mọ̀. Ìyá àgbà iwájú wa, tí mo rò pé ó ti sùn, rẹ́rìn-ín músẹ́ láìyíjú.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Àkẹ̀sán. Ìyá náà sọ̀kalẹ̀, wọ́n bá a gbé ẹrù rẹ̀, àwọn ọlọ́jà sì ń fi àtùpà palẹ̀ mọ́ nínú ẹrẹ̀. Ní ọ̀kánkán, ẹnu ọ̀nà ààfin ṣókùnkùn. Ọmọbìnrin náà fi iwájú orí ti gíláàsì ọkọ̀, ó ń wo ibẹ̀.

"Bọ̀dá, ta ló wà nínú ilé yẹn báyìí?"

Mo ní kò tíì sí ọba, pé àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ni wọ́n jókòó sí i, wọ́n ń wá ẹni tí ó kàn.

"Àwọn tó ń gbé igbá?"

Mo ní, "Àwọn náà ni."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì padà fẹ̀yìn ti ìjókòó.